Bíríkì Tí A Yí Ojú Rẹ̀ Padà

Ní ọjọ́ Sunday kan lẹ́yìn ìsìn, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Decatur pe àwa àgbà jọ pé ká wá sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ fún àwọn. Nọ́ọ̀sì mẹ́rin ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn wọn ni oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà méjì, lẹ́yìn ìyẹn ni nọ́ọ̀sì mìíràn. Nígbà tó kàn mí, mo dìde, mo ní, "Bíríkìlà ni mí." Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé mò ń ṣàwàdà ni. Oúnjẹ ti ń ta sánsán nígbà náà, kò sẹ́ni tó tún fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ gígùn, ni olùdarí ètò bá ní kí n lọ kọ tèmi sílẹ̀. Mo ti kọ ọ́ báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ rẹ́rìn-ín gan-an ni mo kọ ọ́ fún.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí ní Georgia kí n tó fẹ̀yìn tì. Kì í ṣe ilé tuntun ni mò ń kọ́ o. Ilé àtijọ́ ni: àwọn ilé onífáràńdà gbọọrọ, àti àwọn ṣọ́ọ̀bù oníbíríkì tó fara ti ara wọn ní ojúde àwọn ìlú kéékèèké tó yí Atlanta ká. Àwọn tó kọ́ wọn ti kú tipẹ́. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí ilé wọn má wó.

Ìkìrun ni wọ́n bí mi sí. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́ bíríkìlà, ibẹ̀ ni mo ti gba òmìnira, tí èmi náà di ọ̀gá. Láyé ìgbà náà, sìmẹ́ńtì ni ọlá. Ẹni tí ilé rẹ̀ bá ṣì jẹ́ alámọ̀, ojú tálákà ni wọ́n fi ń wò ó. Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo ṣe lẹ́yìn òmìnira ni pé mo fi sìmẹ́ńtì rẹ́ gbogbo ara ilé alámọ̀ tí bàbá mi kọ́. Ilé náà ń dán gbinrin. Bàbá mi gbé àga síwájú ilé láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá lè kí i. Màmá mi nìkan ni kò kí mi kú iṣẹ́. Òun ló máa ń fi ìgbẹ́ màlúù àti omi ewé pa ògiri náà lọ́dọọdún tẹ́lẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé sìmẹ́ńtì tuntun náà, ó ní, "Gbóyèga, o ò jẹ́ kí ilé yìí lè mí mọ́." Mo rẹ́rìn-ín sí i. Kí ni ìyá arúgbó mọ̀ nípa sìmẹ́ńtì? Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yẹn pamọ́ sápò, a ó padà wá mú un.

Bí mo ṣe dé Amẹ́ríkà kò gba àlàyé. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ wá, ó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní hospital kan, èmi àti Tómi ọmọ wa wá bá a. Kí n tó balẹ̀ ló ti ní ètò fún mi.

"Daddy Tómi, ẹ lọ ṣe CNA, kí ẹ máa bá nọ́ọ̀sì tọ́jú patient. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ni. Kí winter tó dé ẹ ti wà on shift."

Mo ní ọwọ́ tí mo fi ń kọ́lé, èmi ò ní fi gbé ìgbẹ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní ìgbẹ́ yẹn ló ń san rent ilé tí mò ń sùn sí. Kò sì parọ́.

Ọ̀gá tó gbà mí síṣẹ́ ni gbogbo ènìyàn ń pè ní Díákónì Ámósì. Àgbàlagbà adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ni, díákónì ní ìjọ Bàtísì kan ní ìlú kékeré tí èèyàn máa dé bó bá ti kọjá Conyers dáadáa. Bàbá bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tó fi ọwọ́ bu amọ̀ pupa ilẹ̀ Georgia, tí wọ́n fi yọ bíríkì, tí wọ́n sun ún, tí wọ́n sì fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù márùn-ún tó dojú kọ ilé ẹjọ́ ìlú náà. Kò sí ìkankan nínú àwọn ọmọ Díákónì tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ̀ẹ̀kan ni a sọ̀rọ̀ owó, ó ní iye kan, mo gbà.

Mo sọ fún un pé ọ̀gá ni mí nílé, pé mo ti dá ọmọ iṣẹ́ mẹ́fà sílẹ̀. Ó tẹ́tí gbọ́ ọ tán, ó gbé búrọ́ọ̀ṣì lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n máa fọ bíríkì. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi fọ bíríkì, èmi ọkùnrin ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ní oṣù kẹrin, ó fún mi ní òòlù kékeré àti irin ṣóńṣó, ó ní kí n máa họ àpòpọ̀ àtijọ́ tó wà láàárín bíríkì àti bíríkì. Àpòpọ̀ yẹn kì í ṣe sìmẹ́ńtì. Láìmù ni, òkúta funfun tí wọ́n sun títí tó fi di ìyẹ̀fun, tí wọ́n wá fi omi àti iyanrìn pò. Díákónì á bu díẹ̀ níbẹ̀, á fi ìka méjì rún un, á kán ọtí kíkan sí i, á sì gbé e sí etí láti gbọ́ bó ṣe ń hó. Ó ní kò sí ògiri méjì tí àpòpọ̀ wọn jọra, àfi kéèyàn bi ògiri kọ̀ọ̀kan léèrè.

Ọkùnrin náà le. Bó bá rí i pé ìlà àpòpọ̀ tí mo ki sáàárín bíríkì kò gún, kò ní pariwo. Á yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ lápò, á fi họ gbogbo rẹ̀ dànù, á ní, "Again." Nínú gbogbo èdè òyìnbó Georgia, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó yé mi dáadáa nìyẹn. Ọjọ́ kan wà tó sọ ọ́ fún mi nígbà mọ́kànlá lórí ìlà kan ṣoṣo. Mo lọ jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, mo bínú, mo ń ka iye ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí mo ti kọ́ ní Ìkìrun. Tí ọ̀sán bá pọ́n, ọkùnrin yìí kan náà á pín oúnjẹ rẹ̀ sí méjì, á gbé èyí tó tóbi fún mi. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi tòsì fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì Díákónì kò kúrú rárá.

Òfin kan ló ní tí kò ṣeé tẹ̀ lójú. Ó ní àpòpọ̀ gbọ́dọ̀ rọ̀ ju bíríkì lọ. Òjò á rọ̀ sára ògiri, omi á wọlé, ibi tó rọ̀ yẹn ló sì gbọ́dọ̀ gbà jáde. Bí ìyà bá máa jẹ ọ̀kan nínú méjèèjì, kó jẹ àpòpọ̀, nítorí èèyàn lè pààrọ̀ àpòpọ̀. "Ògiri gbọ́dọ̀ mí," bó ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Ó yẹ kí n rántí màmá mi lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. N kò rántí ẹnikẹ́ni. Ó gba etí ọ̀tún wọlé, ó gba tòsì jáde.

Ọdún kẹta mi ni mo wá ṣe ohun tí mo ṣe. Nínú ṣọ́ọ̀bù márùn-ún yẹn, èyí tó wà ní igun jẹ́ ti Miss Dorothy, ìyá àgbà òyìnbó kan tí bàbá bàbá rẹ̀ ti ta oògùn níbẹ̀. Bí a ṣe ń pe àgbà ní Aunty nílé wa, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe tiwọn ní Miss níbí. Ògiri ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà, èyí tó kọjú sí ojú irin, ni a ń tún ṣe. A ti ṣe é dé ìdajì nígbà tí orúnkún Díákónì kọṣẹ́, tí wọ́n dá a dúró sí hospital fún operation. Ó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní kí n parí ìdajì tó kù: láìmù nìkan, kí n máa wọ́n omi sí i láràárọ̀, kí n fi àpò tútù bò ó, kí n má kánjú.

Òtútù ti ń bọ̀, láìmù kì í sì í bá òtútù rẹ́. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló wà níwájú mi. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta nǹkan ìkọ́lé, mo rí àpò sìmẹ́ńtì tí wọ́n tò jọ gègèrè, inú mi sì dùn bí ẹni tó rí ará ilé ní ìdálẹ̀. Mo ní lọ́kàn ara mi pé, àwọn ará ibí yìí ni kò mọ̀. Láìmù ni ti ìgbà tí kò tíì sí sìmẹ́ńtì. Bí bàbá bàbá Díákónì bá rí sìmẹ́ńtì rà ni, ṣé kò ní lò ó? Mo rà á. Mo po iyanrìn pupa mọ́ ọn kí àwọ̀ rẹ̀ lè bá ti àtijọ́ mu, mo sì fi ọjọ́ mẹ́fà parí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ẹ má pè é ní àṣìṣe fún mi. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ fi í pamọ́.

Miss Dorothy ṣe páì fún mi. Díákónì fi ọ̀pá tilẹ̀ dé lẹ́yìn oṣù méjì, ó wo ògiri náà láti òdìkejì títì nítorí kò tíì lè rìn jìnnà, ó ní, "Good." Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó dé, kò dùn mọ́ mi.

Òtútù ọdún kìíní kọjá, kò sí nǹkan kan. Ní ọdún kejì, omi tó ti há sínú ògiri náà kò rí ọ̀nà jáde lára sìmẹ́ńtì mi. Ó dì sínú bíríkì, ó sì bẹ́ ẹ. Ojú bíríkì ń bó bí èèpo iṣu sísè. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ègé kan já bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin tó ń pín lẹ́tà. Kò bà á, ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tilẹ̀ lọ tó ọdún méjì.

Òṣìṣẹ́ ìlú tó ń bójú tó ilé kíkọ́ wá, ó fi okùn yẹ́lò yí igun náà ká. Ohun tó burú ni pé ìgbìmọ̀ ìlú ti ń wá ibi tí wọ́n máa ṣe parking lot sí tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní ògiri tó ti ń ju bíríkì lu ènìyàn ti sọ tẹnu rẹ̀, kí wọ́n kúkú wó ṣọ́ọ̀bù márààrún. Ìyẹn ni pé iṣẹ́ ọwọ́ bàbá bàbá Díákónì, tó ti dúró lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ọjọ́ mẹ́fà tèmi ló fẹ́ pa á run.

Díákónì dé síbẹ̀ níṣojú òṣìṣẹ́ náà àti Miss Dorothy. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó fi họ ìlà àpòpọ̀. Kọ́kọ́rọ́ náà kò fi àmì kankan sílẹ̀. Ó tún un họ. Ó wo kọ́kọ́rọ́, lẹ́yìn náà ó wò mí. Òṣìṣẹ́ náà béèrè pé ta ló ṣe iṣẹ́ yìí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ègé bíríkì tó wà nílẹ̀.

"Èmi ni mo ṣe é," Díákónì ló sọ bẹ́ẹ̀. "Orúkọ mi ló wà lórí ìwé."

A wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó wà á dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Mo ti ń múra sílẹ̀ láti gbọ́ pé kí n máa lọ. Nígbà tó pa ọkọ̀, ó ní, "Mo ti gbé ẹ̀bi. Ìwọ á gbé òòlù." Ó sì sọ̀ kalẹ̀. Ìtìjú bò mí débi pé n kò lè ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀.

Lọ́jọ́ Saturday yẹn, mo pe Ìkìrun láti kí màmá mi. Bàbá mi ti di olóògbé nígbà náà. Kí n tó sọ nǹkan kan, ìyá ti bẹ̀rẹ̀: sìmẹ́ńtì ara ilé ti ń ya lulẹ̀, ó sì ń ya tòun ti amọ̀, ògiri yàrá bàbá tutù rinrin láti inú wá. Kò bú mi. Ohun tó sọ ni pé, "Mo wí nígbà yẹn, Gbóyèga. Ilé náà ò rí ọ̀nà mí." Ilé méjì, òkun ló là wọ́n láàárín, ọwọ́ kan náà ló fún wọn lọ́rùn. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi, kò lè rí i. Mo jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó mi. Mo rò pé á ní ṣebí òun sọ pé kí n lọ ṣe CNA.

Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Daddy Tómi, tí nurse bá fún patient ní wrong medication, kó tó kúrò lórí shift yẹn, ó gbọ́dọ̀ report ara ẹ̀. Kì í ṣe torí kí wọ́n sack ẹ. Torí kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n máa fi tọ́jú patient ni. Ẹ lọ report ara yín."

Ọjọ́ Tuesday ni ìgbìmọ̀ jókòó. Díákónì wà níwájú, ó ti wọ súùtù ọjọ́ ìsinmi rẹ̀. Kí wọ́n tó pè é ni mo dìde. Mo sọ orúkọ mi, mo ní èmi ni mo po sìmẹ́ńtì náà, pé ọ̀gá mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì hospital, pé ó kìlọ̀ fún mi, n kò gbọ́, mo sì fi àwọ̀ pa á mọ́ kó má bàa rí i. Mo ní kí wọ́n fún wa ní àkókò títí di Thanksgiving, ọjọ́ ìdúpẹ́ wọn ní oṣù kọkànlá. Ọkùnrin tó fẹ́ parking lot béèrè pé kí ló dé tí wọ́n á fi tún gbé ògiri fún ẹni tó bà á jẹ́. Mo ní, "Nítorí pé gbogbo ìlà tí mo bà jẹ́, mo mọ̀ ọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹlòmíràn á ní láti máa wá a."

Wọ́n dìbò. Ohùn kan péré la fi borí. Wọ́n ní bó bá di Thanksgiving tí iṣẹ́ náà kò kẹ́sẹ járí, katakata máa wọ ibẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ ni mo ṣe ní ọdún yẹn. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé òkúta wà, ṣùgbọ́n bó bá ṣèèṣì yẹ̀, á gé bíríkì mọ́ ọn. Òòlù àti irin ṣóńṣó nìkan ni mo lò, mo ń bó sìmẹ́ńtì kúrò ní ẹyọ ẹyọ láti ìparí òtútù títí wọ inú ooru. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Mo ti ń pa òwe yẹn láti kékeré. Àtẹ́lẹwọ́ mi ló wá ṣàlàyé rẹ̀ fún mi.

Díákónì gbé àga rẹ̀ sábẹ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, ó ń wò mí. Bíríkì àkọ́kọ́ tí mo yọ jáde láìfọ́, ojú rẹ̀ ti bó tán, ó rí wúruwùru. Mo fẹ́ jù ú sínú pàǹtí. Ó ní, "Yí i padà."

Mo yí i. Ẹ̀yìn rẹ̀, tó ti wà nínú ògiri láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ, pupa rokoṣo bí ẹni pé àná ni wọ́n sun ún. Ìka mẹ́rin ènìyàn sì wà lára rẹ̀, tó tẹ̀ wọ̀ ọ́ nígbà tí amọ̀ ṣì tútù, ibi tí ẹni tó gbé e ti dì í mú. Mo gbé e lọ bá Díákónì. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó fi ìka tirẹ̀ sínú ìka yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì bá ara wọn mu. Kì í ṣe pé ó mọ̀ bóyá ọwọ́ bàbá bàbá òun ni o. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Ó kàn di bíríkì náà mú lórí itan fún ìgbà pípẹ́, omi ń dà lójú rẹ̀, èmi náà ń sunkún níbi tí mo dúró sí.

Bí a ṣe tún ògiri náà ṣe nìyẹn. A yọ wọ́n, a yí wọn padà, ojú tó ti bàjẹ́ wọ inú, ojú tuntun bọ́ síta. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní àmì ọwọ́. Àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í wá wò ó. Ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ wá, ó ní kó fọwọ́ kàn án. Ọkùnrin tó fẹ́ parking lot náà wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó dúró, ó wò ó, ó lọ.

Láìmù sì gba ìtọ́jú. Kò gbọdọ̀ yára gbẹ, oòrùn kò gbọdọ̀ rí i. Ní ọjọ́ tí ìyàwó mi bá wà ní off, á gbé ìrẹsì wá nínú cooler, á sì gba ike tí mo fi ń fín omi lọ́wọ́ mi. Òun ló ń fi àpò tútù bo ògiri, tó ń ṣí i, tó ń fọwọ́ kàn án wò bóyá ara rẹ̀ gbóná. Ó ní nínú gbogbo patient òun, èyí nìkan ni kì í tẹ bell. Mo ní ṣé ó rí i báyìí, èmi náà ti di nọ́ọ̀sì. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò dárúkọ CNA fún mi mọ́.

Ọ̀sẹ̀ kan kí Thanksgiving tó dé, wọ́n rán ẹnjiníà wá. Ó kan ògiri náà láti òkè dé ilẹ̀, ó kọ̀wé. Díákónì yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó họ ìlà kan. Kọ́kọ́rọ́ wọlé díẹ̀, ìyẹ̀fun funfun bọ́ sílẹ̀. Ó wò mí, ó ní, "Good." Èyí dùn. Ó dùn débi pé mo pe ọ̀rọ̀ náà fún màmá mi lórí fóònù, tí kò sì mọ ohun tí mò ń sọ. Òtútù ọdún yẹn le, bíríkì kan kò bó. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tún dìbò, kò sẹ́ni tó gbé ọwọ́ sókè pé kí wọ́n wó nǹkan kan, títí kan ọkùnrin yẹn.

Ohun tó tẹ̀ lé e, ẹ jẹ́ kí n sáré sọ ọ́. Òkìkí ògiri náà kàn, àwọn ìlú mìíràn ń pè wá. Nígbà tí Díákónì kò lè gun àkàbà mọ́, ó gbé iṣẹ́ lé mi lọ́wọ́. Nígbà tó dolóògbé, àwọn ọmọ rẹ̀ kó irinṣẹ́ rẹ̀ wá fún mi, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yẹn náà wà níbẹ̀. Mo ti tún ilé onífáràńdà ṣe tó jẹ́ pé ìran mẹ́rin ló ti sùn nínú rẹ̀. Mo ti tún ṣọ́ọ̀ṣì ṣe, mo ti tún ilé bárbà ṣe. Níbikíbi tí mo bá dé, sìmẹ́ńtì ẹnì kan tó kánjú ni mo máa ń bá níbẹ̀, n kì í sì í bú onítọ̀hún.

Irinṣẹ́ náà ti yí padà. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀, okùn la fi ń mọ̀ bóyá ògiri gún. Lónìí, iná pupa tín-ínrín kan ló ń ṣe é. Wọ́n ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé lé ògiri tó ń sọ bí omi inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, wọ́n sì ní drone tó ń fò lọ wo òrùlé. Mi ò bá ẹ̀rọ jà. Mo ra èyí tó ń wọn omi, mo fi ọdún kan dán an wò pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ mi. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ, àfi pé àtẹ́lẹwọ́ mi kì í béèrè bátìrì.

Mo sì lọ sílé. Mo fi oṣù méjì bó gbogbo sìmẹ́ńtì tí mo fi rẹ́ ilé bàbá mi, mo po amọ̀, mo fi rọ́pò rẹ̀. Àwọn àbúrò mi rò pé orí mi ti dàrú. Wọ́n ní ẹlòmíràn á ti Amẹ́ríkà dé, á kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tiwa dé, ó ń fi ẹrẹ̀ lẹ ilé. Màmá mi ti darúgbó gan-an. Àwọn àbúrò mi gbé e síta sórí àga, ó ń wò mí bí mo ṣe ń pa ògiri náà. Bí ibì kan kò bá dán, á na ọ̀pá sí i, á ní, "Tún un ṣe." N kò mọ ìgbà tí mo dá a lóhùn pé, "Yes, Deacon." Nígbà tí iṣẹ́ parí, màmá gbé ọwọ́ lé ògiri náà, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá." Ìyá mi ló fi "ẹ" pè mí. N kò tíì gba oyè tó ju ìyẹn lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, bó bá jẹ́ nọ́ọ̀sì lẹ fẹ́ ṣe, ẹ lọ ṣe é. Ìyàwó mi ṣe é, ó sì fi gba ọkọ rẹ̀ là. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ni, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rín ẹnikẹ́ni lé yín kúrò níbẹ̀. Ẹ sáà wá ọ̀gá tó máa ní kí ẹ tún un ṣe.

Ó ku ohun kan tí n kò tíì sọ. Nínú àwọn bíríkì tí mo bà jẹ́, díẹ̀ wà tó fọ́ tí kò ṣeé yí padà mọ́. Díákónì wa ọkọ̀ gbé mi lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ṣì ń fi ọwọ́ ṣe bíríkì, lọ́nà jíjìn. Nígbà tí wọ́n yọ ọ̀kan, tó ṣì tútù, Díákónì di ọwọ́ mi mú, ó gbé e lé bíríkì náà, ó ní, "Tẹ̀ ẹ́." Mo tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí a máa fi í sí ara ògiri, mo fẹ́ kí ojú tó ní ọwọ́ mi wà níta. Ó kọ̀. Ó ní inú ni ó ń lọ, níbi tí àwọn ìyókù ti fi tiwọn sí.

Ṣọ́ọ̀bù Miss Dorothy ti di ilé kọfí báyìí. Èmi àti ìyàwó mi máa ń lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Saturday. Bí ẹ bá yà síbẹ̀, ẹ ò ní rí ọwọ́ mi, nítorí ojú rere bíríkì náà ló wà níta. Ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀, ìka mẹ́rin ọmọ Ìkìrun nínú amọ̀ Georgia, ó ń dúró de òṣìṣẹ́ kan tí wọn kò tíì bí, tí ọ̀gá rẹ̀ máa ní kó yí i padà. Mo fẹ́ kó fi ìka tirẹ̀ wọ̀n ọ́n wò.